Tòmátì Nínú Àká Àgbàdo

Ìbínú ni mo fi gba ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo jókòó sí ẹnu màgásáà mi ní Sakété, yàrá tí mo ń kó àpò gàrí sí, mò ń fi ajọ̀ yọ ṣáṣá kúrò nínú gàrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bọ́ sílẹ̀ lórí zemijan, alùpùpù tó ń kérò. Kò kí mi. Ó kàn na fóònù rẹ̀ sí mi lójú.

"Wò ó, àbúrò. Fi ojú ara rẹ kà á. Wọ́n ní kí n wá ṣe ẹ̀gísámà!"

Fòfó ni mo ń pè é, bí àwọn Gun tó yí wa ká ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Pobè ló ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ọ̀pẹ títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Bí Fòfó bá wo ọ̀pẹ kékeré tó ṣì wà nínú rọ́bà, á sọ fún ọ bóyá yóò so dáadáa tàbí kò ní so. Ó ní ọmọ, ó ní ọmọ-ọmọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó wá jókòó bí ọmọ iléèwé kí wọ́n fún un ní máàkì. Mo ju ajọ̀ sílẹ̀. Mo bú wọn ní Yorùbá, mo bú wọn ní Gun, mo sì fi ìwọ̀nba Faransé tí mo gbọ́ kún un.

Ohun tí wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ ṣe ẹ̀gísámà fún wa kò ṣòroó ṣàlàyé. Ọmọ Fòfó tó wà ní Kánádà ló fi ọ̀nà hàn án. Èèyàn púpọ̀ á da owó pọ̀ sínú àpò kan lórí fóònù, àpò náà á sì máa tẹ̀ lé ọjà ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ìlú òyìnbó. Tí ọjà bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè lónìí, àpò á gbé méjì sókè. Tí ọjà bá gbé ẹsẹ̀ kan wálẹ̀, àpò á gbé méjì wálẹ̀. Àpò onílọ̀ọ́po là ń pè é. Òmíràn tún wà tí a ń pè ní adojúdé: bí ọjà bá ń wálẹ̀ ni òun ń gòkè. Àwọn tó ń mójú tó ọjà owó wá kéde pé àwọn fẹ́ ṣòfin. Mẹ̀kúnnù ò ní lè ra irú àpò bẹ́ẹ̀ mọ́ àfi tó bá dáhùn ìbéèrè lórí fóònù tó sì yege. Ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dáhùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á bá a tà á, wọ́n á kó owó rẹ̀ fún un. Ní ti àwọn olówó ńlá, wọn ò ní bi wọ́n ní nǹkan kan.

Ibẹ̀ gan-an ló dùn mí jù. Ta ló sọ fún wọn pé ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ lọ́pọlọ ju ẹni tí tirẹ̀ kéré lọ? Mo mọ olówó méjì ní Sakété níbí tí wọn ò mọ iye àpò gàrí tó wà nínú màgásáà ara wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn Fòfó ju ìtìjú ẹ̀gísámà lọ. Oko ọ̀pẹ bàbá wa wà ní Issaba, àwa méjèèjì ló fi í sílẹ̀ fún. Wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ tó bá tiwa pààlà, Fòfó sì fẹ́ rà á kí ẹlòmíràn má baà wọlé tì wá. Kò ní owó tó tó. Kí ọ̀rọ̀ òfin yìí tó dé ló ti wá bá mi jíròrò, mo gbà, a sì fi oko bàbá wa dógò lọ́wọ́ oníṣòwò ẹyìn kan ní Pobè. Ọkùnrin náà á máa kọ ẹyìn ibẹ̀, owó tó fún wa á sì lọ sínú àpò onílọ̀ọ́po kó lè pọ̀ sí i. Tí owó bá ti pọ̀, a ó gba tiwa padà, a ó sì ra ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Àdéhùn wa ni pé bí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ bá rọ̀ tí ọ̀sẹ̀ kan sì kọjá láìjẹ́ pé a rí owó náà san, oko ti di tirẹ̀ pátápátá.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú àgbàdo nílé wa ni kí n sọ báyìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́. Nígbà tí bàbá wa wà láyé, tí àgbàdo bá ti gbẹ dáadáa, á kó o sínú àká, á fi amọ̀ rẹ́ ẹnu rẹ̀ pa. Ó di èèwọ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọjú wò ó, títí ọ̀wọ́n àgbàdo á fi dé. Àwọn aládùúgbò á máa ta tiwọn nígbà tó kún ọjà tí kò lówó lórí, bàbá wa á máa wò wọ́n níran. Bí ọ̀wọ́n bá dé, á wẹ̀, á wọ aṣọ tó mọ́, á wá fi ọ̀bẹ fọ́ amọ̀ náà. Àgbàdo yẹn ló rán Fòfó ní iléèwé. Òun náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ òwò gàrí. Nítorí náà, nígbà tí Fòfó ra àpò onílọ̀ọ́po tán, tó ní kí ọmọ òun fi pamọ́ síbi tí ojú òun kò ti ní máa rí i lórí fóònù, kò yà mí lẹ́nu rárá.

"Mo ti rẹ́ ẹnu rẹ̀," ló sọ fún mi. "Ó di ìgbà òjò."

Orí mi wú nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bàbá wa ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan tún wà, Alájì tó ń ta aṣọ ní ìdojúkọ màgásáà mi. Ọmọ Nàìjíríà ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Sakété débi pé Gun ló fi ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà. Òun náà ń ra àwọn àpò yìí, onílọ̀ọ́po lónìí, adojúdé lọ́la. Lẹ́yìn ìrun alásàrí ló ń rà, kó tó lọ sùn ó ti tà á. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní sùúrù, pé ilẹ̀ ń gbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá Onígàrí, ọjà tèmi kì í sun ìta." Mo gbà pé bí ìwà rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, bí àwọn kan ṣe máa ń yára rìn.

Nígbà tí ariwo òfin náà pọ̀, wọ́n rán obìnrin kan wá sí Sakété láti gbọ́ ohun tí àwa tọ́rọ̀ kàn fẹ́ sọ. Gbọ̀ngàn mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú wa, ni a ti pàdé. Mi ò mọ̀ pé àwa tí a ń ra nǹkan yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa. Mo rí tíṣà, mo rí oníṣòwò epo, mo rí télọ̀ tó ń rán aṣọ fún mi, tí a jọ wo ara wa bí ẹni tó pàdé níbi tí kò yẹ. Obìnrin náà kéré lọ́jọ́ orí, ó wọ kóòtù nínú ooru yẹn, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Faransé ló ń sọ, ẹnì kan ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Àánú rẹ̀ ìbá ṣe mí bí kì í bá ṣe ohun tó bá wá.

Fòfó dìde. Ẹ̀wù àlà rẹ̀ ló wọ̀, èyí tó ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màdámù, ẹ káàbọ̀ o. Àwọn kan ń ta ọtí sọ̀dábì fún wa ní gbogbo orígun ìlú yìí, ẹ ò bi wá léèrè. A ra alùpùpù, a gbé e bọ́ sí títì, a jókòó lé e tọmọtọmọ, ẹ ò bi wá. Mo fẹ́yàwó, mo bímọ, mo kọ́lé, ta ló fún mi ní ẹ̀gísámà? Ọjọ́ tí mo ní kí n kó owó mi sí ibi tí olówó ń kó tirẹ̀ sí, ọjọ́ yẹn ni mo wá di ọmọdé lójú yín. Tí mo bá jèrè, tèmi ni. Tí mo bá sì pàdánù, ṣé ẹ ó bá mi sunkún ni?"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ náà ju bí mo ti lè sọ lọ, inú mi sì ń dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. N kò rí irọ́ kankan níbẹ̀.

Obìnrin náà dúró títí ariwo fi rọlẹ̀ díẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó ní kí a jọ̀ọ́, kí a jẹ́ kí òun ka ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn ìbéèrè náà sí wa létí. Ó ní bí ọjà bá wálẹ̀ lónìí, tó sì gun padà lọ́la sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, ǹjẹ́ owó ẹni tó wà nínú àpò onílọ̀ọ́po náà ti padà síbi tó wà?

"Ó ti padà!" Gbogbo wa la jọ kígbe ẹ̀. Ẹ̀rín sì bú jáde.

"Ṣé èyí lẹ fẹ́ kí a fi fìdí rẹmi?" Fòfó ń rẹ́rìn-ín. "Màdámù, ọmọ-ọmọ mi á dáhùn èyí fún yín."

Obìnrin náà ya ẹnu rẹ̀, ó fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń dìde, wọ́n ń bọ Fòfó lọ́wọ́, ẹni tó ń túmọ̀ fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí Alájì tó jókòó tì mí. Kò kígbe, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ń tún fìlà rẹ̀ dé. Mo rò pé ooru ló mú un.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ìròyìn fi dé pé wọ́n ti jáwọ́. Ohùn àwọn aráàlú ti pọ̀ jù, láti ibi gbogbo, kì í ṣe tiwa nìkan. Wọ́n ní àwọn ò ní bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́, ìkìlọ̀ kékeré kan ni wọ́n á kàn kọ sísàlẹ̀ ojú fóònù. Fòfó gbé ìgò sọ̀dábì wá sí màgásáà mi, a ta díẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá wa, a mu ìyókù. Mo jó. Èmi tí eékún ń dùn, mo jó láàárín àpò gàrí.

Ọyẹ́ dé, ọjà sì tutù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí oníbàárà, ìbéèrè obìnrin yẹn kàn ṣàdédé padà wá sí mi lọ́kàn. Mi ò mọ ohun tó fà á. Bóyá bí ó ṣe ya ẹnu tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni. Mo ní kí n fi gàrí wò ó. Mo wọn igbá mẹ́wàá sí apá ọ̀tún, mo ní ìyẹn ni ọjà. Mo wọn mẹ́wàá sí apá òsì, mo ní ìyẹn ni àpò Fòfó. Ọjà wálẹ̀: mo bu méjì kúrò lápá ọ̀tún, ó ku mẹ́jọ. Ìlọ́po rẹ̀ ni àpò á fi wálẹ̀: mo bu mẹ́rin kúrò lápá òsì, ó ku mẹ́fà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọjà gun padà sí mẹ́wàá. Méjì ló gbà sórí mẹ́jọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wà nílẹ̀. Ìlọ́po rẹ̀ ni ìdajì. Ìdajì mẹ́fà ni mẹ́ta. Mo bu mẹ́ta lé e lápá òsì, mo kà á.

Mẹ́sàn-án ni. Mo rò pé mo ṣì í kà. Mo tún un kà, mo wo ilẹ̀ bóyá mo dà á sílẹ̀. Apá ọ̀tún pé mẹ́wàá, ọjà ti padà sílé, ṣùgbọ́n igbá gàrí kan ti lọ lápá òsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti orí mẹ́sàn-án náà, ó wá ku mẹ́jọ àti ẹ̀kúnwọ́ kan.

Mo sọdá sọ́dọ̀ Alájì bí mo ṣe wà, pẹ̀lú ìyẹ̀fun gàrí lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé tí èèyàn bá ra àpò onílọ̀ọ́po tó fi í sílẹ̀ láti ìgbà òjò dé ìgbà òjò ńkọ́? Ó ń ká aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ta ló ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Fòfó."

"Kò tíì tà á? Láti ìgbà yẹn wá?" Ó jókòó. "Ìyá Onígàrí, tòmátì mà ni nǹkan yẹn o! Ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ọjọ́ tí ẹ rà á lẹ ń tà á. Bí ọjà bá ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀, ṣe ló ń jẹra níbi tí ẹ gbé e sí. Kì í ṣe àgbàdo tí wọ́n ń tọ́jú."

Inú bí mi sí i. Mo ní kí ló dé tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì jókòó tì wá ní mẹ́rì, tó tilẹ̀ bá wa sọ pé a ò fẹ́ òfin náà.

"Mi ò fẹ́ ẹ, mi ò sì tíì fẹ́ ẹ dòní. Mo mọ tòmátì mi tà. Faransé wọn ni mi ò mọ̀. Tí wọ́n bá fi kọ ìbéèrè fún mi, màá fìdí rẹmi, wọ́n á ti ìsọ̀ mọ́ mi lórí. Ṣé èyí dára?" Ó wo ilẹ̀. "Ní ti Fòfó, mo rò pé ó mọ̀ ni. Ó kàwé jù mí lọ. Èmi ò lè lọ máa yọjú wo inú àká àgbàlagbà."

Mo wọ tàsíì lọ sí Pobè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Fòfó wà lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀, ó ń pa ọ̀mùnú lára ewé ọ̀pẹ kékeré kan. Mo sọ gbogbo ohun tí mo fi gàrí ṣe fún un. Ó gbọ́ mi dópin.

"Ṣé gàrí ló wá sọ fún ọ pé mo ti ṣìṣe?"

"Fòfó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i. Ẹ kàn ṣí i wò. Tó bá ṣì dára, ẹ tà á, kí a lọ gba oko wa."

"Alájì tó ń ṣe bí ẹni tí iná ń jó, ìyẹn ló ń kọ́ ọ ní sùúrù?"

"Mi ò sọ̀rọ̀ sùúrù, Fòfó."

"Ǹjẹ́ òjò ti rọ̀?"

"Rárá o."

"Ǹjẹ́ o rí bàbá wa kó ṣí àká lásìkò ọyẹ́ rí?"

Lóòótọ́, bàbá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi le sí mi, tó ní ohun tí òun jà fún ní gbangba, òun ò ní jẹ́ kí àbúrò òun wá fi gàrí gbà á lọ́wọ́ òun. Mo padà sí Sakété láìjẹun. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀, àyà mi á là gààrà, èmi tí mo máa ń yọ̀ tí òjò bá fẹ́ rọ̀ nítorí àwọn olóko.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Fòfó ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé, ó ti wẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù àlà rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un lórí fóònù pé lẹ́yìn gbogbo lọ-sókè-lọ-sódò ọdún yẹn, ọjà ti padà síbi tí a bá a, ó tilẹ̀ ga díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó wò mí bí ẹni tó ti dárí jì mí. Ó ṣe àmì àgbélébùú, ó sì ṣí àpò náà.

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ohun tó rí. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà ti lọ. Ó tì í, ó tún un ṣí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó pe ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì ń ṣàlàyé lóhùn kékeré, nítorí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣírò rẹ̀. Fòfó kò bínú. Ìbá bínú ni, ìbá dára fún mi.

Mo kó ohun tí mo ní nínú gàrí jọ, kò tó. Oníṣòwò ẹyìn kò fìwà búburú kan hàn sí wa. Ó gbé àga fún wa, ó fún wa lómi, ó ní àdéhùn ni àdéhùn, ó ní òun ti gbin ọ̀pẹ tuntun sí àwọn ibi tó ṣófo nínú oko náà. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó gbé ike epo pupa kan fún Fòfó. Ó ní epo oko bàbá wa ni, kí a fi jẹun.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Bí wọ́n bá tún wá sí mẹ́rì lọ́la, mi ò mọ ibi tí n ó jókòó sí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ti ìsọ̀ mọ́ Alájì lórí. Mi ò sì fẹ́ gbọ́ kí ọmọdé kan bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò gbọ́n. Ṣùgbọ́n oko bàbá wa ti lọ, ó sì ń dùn mí. Tí mo bá sọ pé kò dùn mí, irọ́ ni mo pa.

A rìn jáde sí títì lọ́jọ́ náà, à ń wá zemijan. Fòfó dúró lójijì lẹ́bàá ọ̀nà, ike epo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àbúrò," ló wí, "kí ló dé tí wọn ò bi mí?"

Mo gba ike epo náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó wúwo.